Mo Wà Létí Okùn

Ọpẹ́ ni n óò kọ́kọ́ dá kí n tó sọ ohunkóhun. Ọlọ́run tó fún mi lójú tó ń ríran, tó fún mi lọ́wọ́ tó mọ iṣẹ́, tó sì jẹ́ kí n bá ìyá mi gbé títí wọ́n fi lọ, Òun ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Áfàá tó kọ́ mi ní kéwú máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka oore tó wà nínú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má baà dà bí ẹjọ́ tó ń bá Ọlọ́run rò. Mo ti kà á. Ìyá mi kú pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run lẹ́nu, ọwọ́ mi ni wọ́n sì kú sí. Oore ni. Ohun tó kù ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí.

Ilé wa wà ní Àgbádárìgì, kò jìnnà sí ọ̀sà. Bàbá mi, oníṣòwò aṣọ tó wá láti ìpínlẹ̀ Ògùn, ló kọ́ ọ. Ìyá mi jẹ́ Ègùn, ọmọ ìlú Apa. Ìgbà tí bàbá mi fẹ́ wọn ni wọ́n gba ẹ̀sìn, wọ́n sì gbà á tọkàntọkàn ju àwa tí wọ́n bí sínú rẹ̀ lọ. Yorùbá wọn já gaara, ṣùgbọ́n Ègùn kò kúrò lórí ahọ́n wọn, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tó máa ń yí sódì lẹ́nu wọn. Èyí tó máa ń pa èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lẹ́rìn-ín jù ni okùn. Bí wọ́n bá ní ká lọ mú okùn wá láti fi so ewúrẹ́, òkun ni etí wa máa ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi á gbé korobá, á máa lọ sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á bi í pé níbo ló ń lọ. Á ní, "Ẹ ní ká lọ mú òkun wá. Àbí ewúrẹ́ yìí kò ní mu ún tán ni?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á sì ju sálúbàtà tẹ̀ lé e.

Ọdún kan péré ni ẹ̀gbọ́n mi fi jù mí lọ. Bí ìbejì la ṣe jọ dàgbà, n kì í sì í fi "ẹ" pè é.

Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, ó ní òun fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ apẹja ńlá tó ń gbéra láti Kùtọnu lọ sí Gàbọ́ọ̀nù. Ìyá mi kò gbà. Òkun ló gbé bàbá tiwọn lọ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọn kò sì rí òkú rẹ̀ sin. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ní ọjọ́ tó di ẹrù rẹ̀, ìbínú mú kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa gbọ́. Wọ́n ní, "Bí o bá fi ẹsẹ̀ kọjá Sèmè, má pè mí ní ìyá mọ́."

Ó kọjá Sèmè.

Ó lé lọ́dún kan kó tó pè. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kí Àlàásárì tán. Nọ́ńbà fóònù ilé wa nìkan ló mọ̀ lórí. Wáyà kan ṣoṣo ló wọ inú ilé wa láti orí òpó ìta, ó sì já sí ara fóònù pupa kan tí bàbá mi fi sórí àpótí ìjókòó kékeré ní yàrá àlejò. Ìyá mi gbé e. Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi láti inú rẹ̀, fíntín, ó ní, "Ìyá." Ìyá mi kò fọhùn. Wọ́n gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó sùn sílẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà tí mo bá wọn níbẹ̀, wọ́n ti sunkún tán, wọ́n ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti fóònù. Bí wọ́n bá ti kí Àlàásárì tán ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fi ọwọ́ kan ka tẹ̀súbà, wọ́n á sì fi okùn fóònù, èyí tó lọ́ pọ̀ bí irun tí wọ́n fi òwú kó, wé ìka ọwọ́ kejì. Bí èèyàn bá ké pè wọ́n láti ìta, ohun tí wọ́n máa ń dáhùn ni pé, "Mo wà létí okùn." Ní ẹnu wọn, òkun náà ló ṣì ń jẹ́. Ó di ohun tí gbogbo ilé mọ̀. Ayálégbé wa, olùkọ́ yunifásítì kan tó wá láti Èkìtì, máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé Alájà wà nílé àbí wọ́n wà létí òkun?" A ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò mọ̀ ọ́n, nítorí lẹ́yìn tó lọ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀.

Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fóònù náà pe ibikíbi. Àwọn fúnra wọn kì í gbé e wò. Wọ́n ní bí ọ̀nà bá dí nígbà tí ọmọ àwọn ń bọ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní àkókò yẹn, mo ti ríṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan lẹ́bàá títì márosẹ̀. Iṣẹ́ wa ni láti sọ wáyà fóònù àtijọ́ tó ti wà lára ògiri àwọn èèyàn di ohun tó ń ru ju ohùn kan lọ. Tẹ́lẹ̀, wáyà kan, ohùn kan ni. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, gbogbo ilé á dúró dè é. Ṣùgbọ́n àpótí pẹlẹbẹ kan dé, tí a máa ń so mọ́ ibi tí wáyà ti wọlé. Ó ń gé ohùn kọ̀ọ̀kan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń kọ ibi tí wọ́n ń lọ sára wọn bí ìgbà tí èèyàn kọ àdírẹ́sì sára lẹ́tà, ó sì ń rán gbogbo wọn gba orí wáyà kan náà. Èèyàn mẹ́ta lè máa bá èèyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀ nínú ilé kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹlòmíràn sì máa lo íńtánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n má sì gbọ́ ara wọn. Iṣẹ́ náà wù mí. Mo rí i bí ọgbọ́n tí Ọlọ́run fi kọ́ ọmọ èèyàn.

Mo so ọ̀kan sílé wa. Ohùn kan fún ìyá mi lórí nọ́ńbà àtijọ́, ohùn kan fún olùkọ́, ohùn kan fún èmi àti iṣẹ́ mi, àti íńtánẹ́ẹ̀tì fún ilé. Ìyá mi dúró tì mí pẹ̀lú ìfura. Wọ́n bi mí pé ṣé ohùn olùkọ́ kò ní já lu ohùn ọmọ àwọn lójú ọ̀nà, nítorí ohùn ará Èkìtì le. Mo ní kò ní í já lù ú. Wọ́n tún bi mí pé kí ló wá yí padà lára fóònù tàwọn.

Mo ní, "Kò sí ohun tó yí padà, Ìyá. Fóònù yín náà ni, nọ́ńbà yín náà ni."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà, mo sì mọ̀ ọ́n, torí iṣẹ́ mi ni. Fóònù àtijọ́ kò béèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Agbára díẹ̀ tó nílò ń gba inú wáyà wá láti ilé-iṣẹ́ tó ni ín, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dún bí iná ò tiẹ̀ sí ní gbogbo àdúgbò. Nígbà tí mo so àpótí yẹn, ohùn ìyá mi pàápàá ti gba inú rẹ̀ kọjá, àpótí náà sì ń mu iná ilé. Bí iná bá lọ, fóònù náà di òkú. Mo fi bátìrì kan sábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bátìrì náà ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó kú, mo sì ní n óò pààrọ̀ rẹ̀ bí mo bá ráyè. Mo ń pààrọ̀ ti àwọn ẹlòmíràn láti Ìkógà títí dé Sèmè. Ti ilé wa kò ká mi lára.

Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀bá òkun mọ̀ pé àrá ibẹ̀ kì í ṣeré. Bí ojú ọ̀run bá ti dúdú láti apá òkun, ìyá mi á dìde. Wọ́n á fi aṣọ bo dígí. Wọ́n á yọ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á yọ fíríìjì, fáànù àti áyọ́ọ̀nù, gbogbo ohun tó ń mu iná. Wọ́n á yọ àpótí náà pẹ̀lú, torí pé iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Fóònù kì í mu iná, nítorí náà wọn kì í fọwọ́ kàn án. Mo ṣáà ti sọ fún wọn pé kò sí ohun tó yí padà. Wọ́n á wá jókòó tì í, òjò á máa rọ̀, wọ́n á sì máa wé okùn rẹ̀ mọ́ ìka.

Bí òjò bá dá, wọ́n á rántí fíríìjì nítorí ọbẹ̀. Àpótí kò ní ọbẹ̀ nínú. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, títí olùkọ́ á fi wá kan ilẹ̀kùn.

"Alájà, ẹ ti tún pa wá lẹ́nu mọ́."

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Àrá ni."

"Àrá ti lọ láti àná, Alájà. Ìwé tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ ló ṣì jókòó."

"Ìwé kì í sá lọ. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹ àkàrà."

Mo wà níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì bá wọn jẹ àkàrà. Íńtánẹ́ẹ̀tì olùkọ́ nìkan ni mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Èmi tí mo mọ̀ pé ohùn mẹ́ta àti íńtánẹ́ẹ̀tì ló jọ wà nínú àpótí kan, kò sọ sí mi lọ́kàn rárá pé ohùn ìyá mi wà lára ohun tí wọ́n ń yọ. Àwọn náà kò lè mọ̀, torí wọn kì í gbé fóònù náà sétí.

Òjò ọdún náà pọ̀. Nígbà tó ń lọ sópin, ẹ̀jẹ̀ ríru dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Dókítà fún wọn lóògùn, ó ní ká mú wọn lọ sílé kí wọ́n lọ sinmi. Wọ́n ní kí n gbé ibùsùn àwọn sí yàrá àlejò. Mo mọ ìdí rẹ̀, n kò béèrè. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn, wọn kò lè jókòó mọ́. Wọ́n fi ọwọ́ pè mí, wọ́n ní kí n na okùn fóònù sí àwọn. Mo nà án. Wọ́n fi wé ìka.

Wọ́n ní, "Bí ó bá pè, tí n kò lè dìde, má ṣe àlàyé púpọ̀. Sọ fún un pé mo wà létí okùn."

Mo ní mo gbọ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú òkun ẹnu wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti lọ. Inna lillahi wa inna ilayhi rajiun. Ọjọ́ náà la sin wọ́n.

Ọjọ́ Jímọ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú, ojú ọ̀run mọ́. Mo kí Àlàásárì tán ní yàrá àlejò, mo sì ń ká ẹní. Fóònù dún.

Mo gbé e. Mo gbọ́ ìró bí afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun ti ń pè láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, òun á lọ sí ilé tí wọ́n ti ń pe fóònù ní èbúté, òun á pe ilé. Obìnrin kan tó ń sọ Faransé nínú fóònù ló máa ń dá òun lóhùn pé ẹni tí òun ń pè kò dáhùn.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé Ìyá ni kò fẹ́. Èyí ni mo fẹ́ pè kẹ́yìn."

Mo wo àpótí tó wà lára ògiri, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe: ní àwọn ọjọ́ tó ń pè, àpótí náà ti kú, yálà ìyá mi ti yọ ọ́ nítorí àrá tàbí iná ilé ló lọ.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà lẹ́nu mi, ikú àti iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Áfàá mi kọ́ mi pé ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni kò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ ẹni. Mo ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ náà, kí inú rẹ̀ lè rọ̀ kó tó gbọ́ èyí tó kù. Mo ní, "Wọn kò bínú. Wọ́n ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé, 'Mo wà létí okùn.'" Bí wọ́n ṣe ń pè é ni mo ṣe pè é, nítorí mo fẹ́ kó gbọ́ ẹnu wọn.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ewúrẹ́ àti korobá ló rántí, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. A rẹ́rìn-ín títí. Bí mo bá lè gba ìwọ̀nba àkókò ẹ̀rín yẹn padà, n óò gbà á.

Ó ní, "Létí òkun! Àwọn tó kórìíra rẹ̀ tó yẹn. Kí ni wọ́n lọ wá níbẹ̀? Bí wọ́n bá dé, sọ fún wọn pé mo ń bọ̀ nílé."

Mo la ẹnu. Iná lọ. Fáànù dúró, iná ara àpótí kú, kò sì sí nǹkan kan ní etí mi mọ́. Mo sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Mo jókòó ti fóònù títí Màgàríbà. N kò ní nọ́ńbà tí mo lè fi pè é padà. Mo ra bátìrì tuntun ní ọjọ́ kejì. Mo jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Olùkọ́ wá bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ dápàárá tó máa ń dá, ó sì gbé e mì.

Oṣù kejì lẹ́yìn ìpè náà ni ẹ̀gbọ́n mi dé. Ó gba Sèmè wọlé lórí ọ̀kadà, ṣùgbọ́n kò kọ́kọ́ wá sílé. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà, ó lọ sí etí òkun. Láti àárọ̀ ló ti ń rìn láti àtíbàbà kan sí èkejì, tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń yan ẹja bóyá wọ́n mọ Alájà kan, ọmọ Apa, tó wá gbé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀sán ti rọ̀ nígbà tó wọlé. Iyanrìn wà lára bàtà rẹ̀. Ó gbá ìborùn funfun kan tó rà fún ìyá wa mọ́ra nínú ọ̀rá.

Ó ní, "Mo ti etí òkun bọ̀. N kò bá wọn. Ṣé wọ́n ti padà sílé?"

Mo sọ fún un. N kò mọ bí mo ṣe sọ ọ́. Ohun tí mo rántí ni pé ó ń béèrè pé ta ni mo wá ń sọ fún òun nígbà yẹn pé ó wà létí òkun, ta ló dárí ji òun. Ó rò pé mo purọ́ fún òun láti fi tù ú nínú. Mo fi àpótí hàn án. Mo ṣàlàyé àrá, mo ṣàlàyé iná, mo sọ fún un pé èmi ni mo ní kò sí ohun tó yí padà. Ó ń wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Mo fi ẹní ìyá wa hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, níbi tó ti pá ní ojú ìjókòó. Mo fi okùn fóònù hàn án, bí ó ti nà, tí kò lè ká jọ mọ́ nítorí ìka wọn.

Ó di okùn náà mú. Ó ní, "Sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

Mo sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Okùn ewúrẹ́," ohùn rẹ̀ sì já. Ó fi ìborùn funfun náà bojú. N kò tíì gbọ́ kí ọkùnrin tó ti dàgbà sunkún báyẹn rí, mo sì jókòó tì í nílẹ̀ títí wọ́n fi pe Màgàríbà.

A jọ lọ sí ibojì ní ọjọ́ kejì, a ṣe àdúrà fún wọn. Ó ti forí jì mí. Ó sọ ọ́ lẹ́nu, mo sì gbà á gbọ́ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kò padà sórí ọkọ̀. Ó ń gbé nínú ilé náà títí di òní, fóònù náà sì wà níbi tó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń retí ìpè lórí rẹ̀ mọ́.

Èmi ṣì ń ṣe iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá so àpótí sílé ẹnikẹ́ni, n kì í kúrò kí n tó pe ẹni tó dàgbà jù nínú ilé. N óò fi ibi tó ti ń mu iná hàn án. N óò ní, "Ìyá, ohun kan ti yí padà o. Bí ẹ bá yọ eléyìí, ẹni tó ń pè yín kò ní í rí yín." N óò wá ní kí wọ́n gbé fóònù sétí, kí àwọn fúnra wọn gbọ́ bó ṣe ń dún nígbà tó wà láàyè, kí n sì yọ ọ́, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dákẹ́.

Ìwọ tí o ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìdáríjì tí wọ́n rán sí ọ sọnù lójú ọ̀nà. Kí ó jẹ́ kí ẹni tó ń retí rẹ gbọ́ ohùn rẹ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lè gbọ́, kí o sì bá a nílé nígbà tí o bá dé. Àmín.